Ajá Darandaran Méjì: Border Collie àti German Shepherd
Ààlà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Scotland ni Border Collie ti wá. Ajá kan tó ń jẹ́ Old Hemp, tí wọ́n bí lọ́dún 1893, ni baba ńlá wọn. Border Collie kì í sábà gbó. Á ba mọ́lẹ̀, á gbé ẹsẹ̀ kan sókè, á wá tẹjú mọ́ àgùntàn títí agbo á fi yí síbi tí olùṣọ́ fẹ́. Ojú yẹn wù mí púpọ̀!

German Shepherd, tí Max von Stephanitz dá ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Jámánì lọ́dún 1899, etí oko ló ń rìn lọ rìn bọ̀, kí ẹran má bàa jẹ irè oko olóko. Lónìí, ó ń bá ọlọ́pàá àti ológun ṣiṣẹ́. Tó bá jẹ́ àgùntàn nìkan lo fẹ́ dà, Collie ni kó o mú.