Fífà tàbí títẹ̀: èwo ni ká fi dán irin wò?

Ìdánwò fífà ló ń tú àṣírí irin jù. Ẹ̀rọ á di ọ̀pá irin mú ní ìkángun méjèèjì, á máa fà á títí yóò fi já. Irin tó ń nà á kọ́kọ́ tín-ín-rín láàárín. Èyí tó gan á já lójijì. Ṣùgbọ́n ìdánwò yìí náni lówó: a gbọ́dọ̀ gé ayẹ̀wò, ká ṣe é dọ́gba, kò sì ní wúlò mọ́.

Ìdánwò líle, ìyẹn títẹ irin láti mọ bó ṣe le tó, yá, kò sì wọ́n. Nínú irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Brinell, bọ́ọ̀lù líle oní 10 mm la fi ń tẹ irin lójú, a ó wá wọn fífẹ̀ àpá rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ irin oníkábọ́ọ̀nù, ẹ fi 3.45 sọ nọ́ńbà Brinell di púpọ̀, ẹ ó rí agbára fífà, ìyẹn bí irin ṣe lè gba fífà tó kó tó já, ní MPa (megapascal, òṣùwọ̀n agbára yìí): 200 á fún yín ní nǹkan bí 690. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìṣirò yìí wọn àlùmíníọ́mù. Kò sì lè sọ bí irin ṣe máa nà tó kó tó já. Ewu rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Irin tuntun tí ẹ fẹ́ fi ṣe afárá, ẹ fà á. Gíà tó ti parí, ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú Rockwell, irú ìdánwò líle mìíràn tí àpá tirẹ̀ kéré.