Ọdún mẹ́sàn-án pẹ̀lú éjẹ́ǹtì tó ń bá mi bójú tó ilé mi n'Ìkòròdú

Àárọ̀ Sọ́ńdè ni, mo ń lọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún. Ìyá aránṣọ tó wà ní fúláàtì ìsàlẹ̀ ló pè.

"Dádì, ẹ káàárọ̀ sà. Kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?"

Wọ́n ti lẹ ìwé kúìtì nótíìsì mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ láti àná, pé kó kó jáde láàárín oṣù mẹ́ta. Orúkọ mi ló wà nísàlẹ̀ ìwé náà. Èmi ò sì mọ nǹkan kan nípa ẹ̀! Ọdún kẹfà ìyá yìí nínú ilé mi rèé, kò jẹ mí ní kọ́bọ̀ rí. Nígbà tí páìpù báàfù bẹ́, owó ara rẹ̀ ló fi pe púlọ́ńbà kó tó sọ fún mi.

Fúláàtì mẹ́rin ni ilé náà, owó ìfẹ̀yìntì ni mo fi kọ́ ọ lọ́dún 2016. Ìdá mẹ́wàá owó ilé ni éjẹ́ǹtì ń gbà lọ́dọọdún.

Ní Mọ́ńdè, mo ti dé ọ́fíìsì wọn kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì ń jẹ búrẹ́dì àti àkàrà. "Bàbá, ẹ jókòó, ọ̀gá ń bọ̀." Wákàtí méjì! Fáànù wọn ń ké bí ẹ̀rọ ọlọ́ta, kò sì fẹ́ atẹ́gùn. Nígbà tí ọ̀gá dé, ó ní àwọn ń ràn mí lọ́wọ́ ni, pé fúláàtì tí ìyá yẹn ń san 350,000 fún, 700,000 ni èèyàn máa gbà á báyìí.

Mo ní kó jẹ́ ká jọ ṣírò ẹ̀. Ayálégbé tuntun á san kọmíṣọ́ọ̀nù ìdá mẹ́wàá, á san ti àgírímẹ́ǹtì ìdá mẹ́wàá. 140,000 ti wọ àpò wọn lọ́jọ́ kan ṣoṣo nìyẹn. Bí ìyá yẹn bá jókòó, 35,000 péré ni wọ́n ń rí lọ́dún. Àṣé ayálégbé tó ń kó jáde ló ń bọ́ éjẹ́ǹtì, èyí tó pẹ́ ló ń bọ́ èmi.

Ojú mi ti rí i rí. Lọ́dún 2022 wọ́n ní kí n lé ẹni tó wà lókè, ká gbé 250,000 dé 400,000. Mo gbà. Oṣù méje ni fúláàtì náà fi ṣófo: nǹkan bí 146,000 nínú owó àtijọ́ ti wọmi. Ọ̀dà àti sínkì tuntun jẹ 190,000. Àlékún 150,000 máa ju ọdún méjì lọ kó tó dí ihò yẹn. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ni ẹni tuntun náà lò, ló bá kó ẹrù lóru.

Oṣù mẹ́ta tí wọ́n kọ gan-an kò bófin mu. Oṣù mẹ́fà ni òfin ilé gbígbé ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 fún ayálégbé ọlọ́dọọdún, àfi bí àdéhùn bá sọ òmíràn. Àgírímẹ́ǹtì tiwa ò sọ òmíràn, bẹ́ẹ̀ àwọn ló kọ ọ́, wọ́n sì gbowó lórí ẹ̀.

Mo ní kí wọ́n kó fáìlì mi fún mi. Ọmọkùnrin akọ̀wé kan, tí kò tíì lanu láti àárọ̀, ló gbé e wá, pẹ̀lú ìwé aláwọ̀ búlúù kan tí etí ẹ̀ ti ká. Gbogbo àtúnṣe láti 2016 ló wà nínú ẹ̀, tọjọ́ tọjọ́. Risíìtì ìṣó 1,200 náírà, wọ́n fi pín-ìn há a mọ́ ojú ewé. Ìdá mẹ́wàá kejì tí wọ́n ń yọ lọ́dọọdún yàtọ̀ sí owó iṣẹ́ wọn, tí mo ti tìtorí ẹ̀ pè wọ́n lólè lẹ́ẹ̀mẹta, owó àtúnṣe ni. Òun ni wọ́n fi kan òrùlé tí ìjì ṣí lọ́dún 2023, nígbà tí owó páànù ń fò lójoojúmọ́ tí èmi ò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́. Mo ti gbàgbé pátápátá. Ó ku 86,450 nínú owó àtúnṣe náà, ọmọkùnrin yẹn sì kà á fún mi dórí àádọ́ta náírà tó kẹ́yìn. Ẹnu mi wọhò.

Ọmọkùnrin yẹn ló bá mi lọ bẹ ìyá aránṣọ, òun ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ ya ìwé náà kúrò lára ilẹ̀kùn. A fi 50,000 kún owó ilé, ìyá dúpẹ́, ó san án kí oṣù tó parí. Ọ̀gá wọn ò bẹ̀ mí títí dòní.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Yàrá méjì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ parí lẹ́yìn ilé náà, àwọn náà ni mo fún, tí oníwèé búlúù bá ṣì wà níbẹ̀.