Pákó àgbékalẹ̀ tàbí kọnkéré lẹ́nu ọ̀nà mérì (ilé ìjọba ìlú) Kétu?

Láti 2017 ni Bẹ̀nẹ̀ ti ní òfin 2017-06 tó dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara. Báwo wá ni àga onítáyà yóò ṣe gun àtẹ̀gùn mérì? Ọ̀nà dídagẹ̀rẹ́ ló nílò: ti pákó tí wọ́n ń gbé kalẹ̀, tàbí ti kọnkéré.

Pákó kò wọ́n, káfíńtà yóò tètè kàn án. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé e wá? Aláàbọ̀ ara á wà nínú oòrùn, á máa bẹ̀bẹ̀ kó tó wọ ilé tí owó orí òun náà kọ́. Bí òjò bá sì pa pákó, táyà á máa yọ̀ lórí rẹ̀.

Kọnkéré ń gba owó àti àyè. Bí àtẹ̀gùn bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 45, ìwọ̀n 1 sí 12 (gíga 1, gígùn 12) tí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ń lò yóò gba gígùn mítà 5.4, pẹ̀lú irin ìdìmú. Òun ni mo fara mọ́. Pákó, ilé àyágbé nìkan ló yẹ.