Kọ̀ǹpútà Tòkunbọ̀ Mẹ́fà ní Kàbà: Bí Slurm Ṣe Rí Lọ́wọ́ Mi

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Oṣù mẹ́jọ rèé tí mo ti ń fi Slurm, ètò tó ń pín iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, ṣe ìwádìí ní Kàbà.

Òjò àti èso kájú ní oko àwọn àgbẹ̀ Ìjùmú àti Bùnú ni iṣẹ́ mi dá lé. Ìṣirò kan náà ni mo gbọ́dọ̀ ṣe nígbà 10,000, kí n tó lè fọkàn tán èsì rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni láptọ́ọ̀pù mi fi ń ṣe é. Bí iná bá lọ lọ́jọ́ keje, ìbẹ̀rẹ̀ la tún padà sí. Àwọn tó ń háyà kọ̀ǹpútà ńlá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, dọ́là ni wọ́n ń gbà, mi ò sì ní in.

Lọ́dún 1994, Thomas Sterling àti Donald Becker so kọ̀ǹpútà lásán 16 pọ̀ ní NASA, wọ́n fi Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, darí wọn, wọ́n pè é ní Beowulf. Ọgbọ́n yẹn ni mo tọ̀. Mo ra tòkunbọ̀ mẹ́fà: ọ̀kan ni olórí, márùn-ún yòókù ń ṣiṣẹ́, core (ọpọlọ tó ń ṣe ìṣirò) mẹ́rin ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fi Rocky Linux, irú Linux kan, àti Slurm sí wọn. Kọ́bọ̀ kan ò jáde lápò mi nítorí software. Dátà tí mo fi wà á jáde lóru nìkan ni mo san.

Iṣẹ́ Slurm ni kó pín iṣẹ́. Mo gé ìṣirò mi sí apá 200, mo kó o fún un lẹ́ẹ̀kan. Ó rí bí ọ̀wẹ̀ oko: ẹni tó bá parí poro tirẹ̀ á bọ́ sí òmíràn, kò sẹ́ni tó ń káwọ́ gbera. Ọjọ́ mẹ́sàn-án di wákàtí 13! Inú mi dùn débi pé mo pe ìyá mi lóru.

Aago inú kọ̀ǹpútà ló fojú mi rí màbo. Gbogbo ìgbà tí iná bá lọ tó sì dé, kọ̀ǹpútà méjì kì í dá olórí lóhùn mọ́. "Down" (kò ṣiṣẹ́) ni sinfo, àṣẹ Slurm tó ń sọ ipò ẹ̀rọ, ń kọ sí wọn lára. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń tú wáyà, mo tún ra switch (àpótí tó so wáyà gbogbo wọn pọ̀) tuntun lásán. Àṣé bátìrì kékeré tó ń mú aago inú wọn ṣiṣẹ́ ti kú. Bí iná bá ti lọ, ọdún 2012 ni wọ́n ń jí sí. Munge, ètò tí Slurm fi ń dá ẹni tirẹ̀ mọ̀, kì í sì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ tí aago rẹ̀ kò bá tirẹ̀ mu. Mo ra bátìrì CR2032 fún gbogbo wọn, mo sì fi chrony, ètò tó ń mú aago ẹ̀rọ bára mu, sí i kí olórí máa sọ àsìkò fún àwọn yòókù, íntánẹ́ẹ̀tì wà o, kò sí o. Láti ìgbà yẹn, wọn ò dákẹ́ mọ́.

Ẹ má ṣe gbé iṣẹ́ gígùn kan ṣoṣo fún un níbi tí iná ti ń lọ. Slurm lè dá iṣẹ́ tó já padà sórí ìlà, àmọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni yóò ti ṣe é. Apá tèmi kò ju wákàtí kan àti díẹ̀ lọ, ìyẹn ni àdánù mi fi kéré.

Bí ẹ̀rọ bá ní láti máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ léraléra lẹ́nu iṣẹ́, irú tèmi yìí ò tó. Ọ̀rẹ́ mi onífísíìsì gbé Quantum ESPRESSO, ètò ìṣirò físíìsì, sórí márààrún. Ó lọ́ra ju orí ẹyọ kan lọ, torí wáyà lásán ló so wọ́n pọ̀. Fún ìṣirò tó ṣeé gé bíi tèmi, mi ò ní padà sí láptọ́ọ̀pù mọ́. Mo fẹ́ fi méjì kún un lóṣù tó ń bọ̀. Mo ti ra bátìrì wọn sílẹ̀.