Konami, F-toys àbí Furuta: Èwo Ni Kí O Kọ́kọ́ Rà Nínú Ọkọ̀ Inú Páálí Súìtì?

Ó ti pẹ́ gan-an tí Glico, iléeṣẹ́ súìtì, ti ń fi nǹkan ìṣeré sí káráméèlì ní Jàpáánì. Àmọ́ Choco Egg, ẹyin ṣokoléètì tí iléeṣẹ́ Furuta gbé jáde ní 1999, ló sọ àwọn àgbàlagbà di oníbàárà paraku: ẹranko ìṣeré tí Kaiyodo, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ère kéékèèké, ṣe sínú rẹ̀ dára débi pé ṣokoléètì gan-an ló wá di èènì. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ ìṣeré tí wọ́n fi ṣàpẹẹrẹ ọkọ̀ inú fíìmù àròsọ sáyẹ́ǹsì ti kún ọjà náà.

Konami ni mo máa kọ́kọ́ nawọ́ sí. Géèmù la mọ̀ wọ́n mọ̀, ṣùgbọ́n wo ọkọ̀ Thunderbirds tí wọ́n ṣe, eré ọmọlangidi tí tẹlifíṣọ̀n ìlú Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí gbé jáde ní 1965. Gbé Thunderbird 2 sún mọ́ ojú: ìlà tín-ín-rín wà ní gbogbo oríkèé ara rẹ̀, ọ̀dà rẹ̀ sì dà bíi ti ọkọ̀ tó ti ṣiṣẹ́ nínú iná àti eruku. Ibi tí wọ́n kù sí ni ìwọ̀n. Nínú eré, ikùn Thunderbird 2 ni Thunderbird 4 ń gbé. Lórí pẹpẹ rẹ, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ju ara wọn lọ.

Bí ìwọ̀n bá jẹ ọ́ lógún, F-toys ni kí o rà, àwọn tó ṣe ọkọ̀ inú fíìmù Star Wars. 1/144 ni ọkọ̀ ogun X-wing àti TIE Fighter wọn, ìyẹn ni pé tí a bá pín gígùn ọkọ̀ inú fíìmù sọ́nà 144, ìdá kan rẹ̀ ni ti ìṣeré, nítorí náà o lè tò wọ́n síra kó sì bá ojú mu. X-wing fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 9. Ìwọ̀n ti Millennium Falcon, ọkọ̀ ńlá inú fíìmù náà, kéré sí i, 1/350, torí páálí ò ní gbà á. Wọ́n ti kùn wọ́n láti iléeṣẹ́. Ìwọ lo máa to ẹ̀yà wọn pọ̀.

Furuta ló ṣe ọkọ̀ inú eré Star Trek. Enterprise wọn, ọkọ̀ tó gbajúmọ̀ jù nínú eré náà, rẹwà, àmọ́ apá tó gbé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tín-ín-rín, ó sì máa ń tẹ̀. Bó bá tẹ̀, rì í bọ omi gbígbóná, rọra tọ́ ọ, kí o wá tì í bọ omi tútù.

Má torí pé páálí ṣì wà ní dídì kí o máa rà á. A kì í mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ọ̀kan náà sì lè máa já sí ọ lọ́wọ́ léraléra. Sẹ́ẹ̀tì tí ẹlòmíràn ti ṣí, tó sì pé, ló sàn jù. Béèrè bóyá ohun tí wọ́n fi ń gbé e dúró wà níbẹ̀, kí o sì ní kí wọ́n ya fọ́tò ẹ̀yìn àti abẹ́ rẹ̀ fún ọ kí o tó sanwó. Súìtì tó bá ṣì wà nínú páálí àtijọ́, má fi kan ẹnu.