Ìdẹ ẹja musky mẹ́ta tí mo dán wò ní adágún Ọ̀bà

Ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n ń gbé ní Minnesota ni wọ́n fi ìdẹ àtọwọ́dá mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí wọ́n mọ̀ pé etí adágún Ọ̀bà ni mo máa ń wà pẹ̀lú ìwọ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Ẹja musky ni wọ́n ṣe àwọn ìdẹ náà fún. Ẹja yìí kò sí lọ́dọ̀ wa; omi tútù àríwá Amẹ́ríkà àti Kánádà ni ilé rẹ̀, ó lè gùn ju mítà kan lọ, ó sì ṣòroó mú débi pé àwọn apẹja ibẹ̀ ń pè é ní ẹja tí à ń ju ìwọ̀ sí nígbà ẹgbàárùn-ún.

Èyí tí ó kọ́kọ́ wù mí ni igi tí wọ́n gbẹ́, tí wọ́n sì kùn bí ẹja, tí ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20. Bí mo bá fa okùn díẹ̀ tí mo sì dẹ̀ ẹ́, á yà sọ́tùn-ún, á tún yà sósì, bí ẹja tí ara rẹ̀ kò yá. Ojú ni irú ìdẹ báyìí ń tàn jẹ, ó sì bá musky mu, nítorí inú koríko omi ni ó máa ń lúgọ sí láti ṣọ́ ohun tí yóò gbé mì. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn òjò oṣù Kẹsàn-án, omi Ọ̀bà pọ́n bí amọ̀. Mo jù ú fún wákàtí mẹ́ta, ẹja kankan kò fẹnu kàn án. N kò dá igi náà lẹ́bi. Àrọ̀ ni mò ń wá, irun ẹnu àti òórùn ni ó sì fi ń wá oúnjẹ kiri nínú omi dídọ̀tí; igi tí a kùn kò rùn bí oúnjẹ. Ti ẹpìyà kò tilẹ̀ ṣeé sọ, nítorí ẹnu rẹ̀ kéré sí ìwọ̀ tó tóbi báyẹn.

Ìkejì léfòó, ìrù rẹ̀ sì ń yí lójú omi. Koríko gbà á lọ́wọ́ mi nígbà kẹrin tí mo jù ú. Ìdè tí mo dè ni kò dára.

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ràn. Irun ìrù àgbọ̀nrín dúdú ni wọ́n so bo ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta, irin pẹlẹbẹ aláwọ̀ bàbà kan sì wà lókè rẹ̀ tí ń yí gbirigbiri bí a ti ń fà á, tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń mọ̀ ọ́n lára ọ̀pá lọ́wọ́ mi. Ẹja lè mọ irú ìmìtìtì bẹ́ẹ̀ lára, ìbáà jẹ́ pé omi kò mọ́, àwọ̀ dúdú sì máa ń hàn ketekete nínú omi pípọ́n ju àwọ̀ fàdákà lọ. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, àrọ̀ kan gbé e. Ẹyọ kan péré ni o, ní Sátidé mẹ́rin.

Wáyà tí wọ́n fi sáàárín ìdẹ àti okùn, kí eyín musky má bàa gé okùn, wúlò fún mi lórí òkúta. Àbùkù tí mo rí ni pé ìwọ̀ náà dípẹtà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bẹ́ẹ̀ dọ́là 25 ni ẹ̀gbọ́n mi ra ẹyọ kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹja fún ọbẹ̀ alẹ́ yóò jèrè lára ekòló jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ti bẹ ẹ̀gbọ́n mi pé bí wọ́n bá ń bọ̀ ní Kérésìmesì, kí wọ́n bá mi mú irú ẹlẹ́ẹ̀kẹta méjì wá, dúdú, ṣùgbọ́n kí ó kéré sí èyí ní ìlàjì. Ẹja igi náà ti wà lórí tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀. Mo ti yọ ìwọ̀ ara rẹ̀ kúrò nítorí àwọn ọmọ.