Àgbéyẹ̀wò IDES: bí àìlera ṣe ń gbé sójà Amẹ́ríkà kúrò lẹ́nu iṣẹ́

IDES ni ètò tí ilé iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà àti VA (iléeṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú àwọn tó ti fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀) jọ ń ṣe fún sójà tí ara rẹ̀ kò gbé iṣẹ́ mọ́. Ọdún 2007 ni wọ́n kọ́kọ́ dán an wò. Kó tó dìgbà yẹn, ilé iṣẹ́ ológun á yẹ èèyàn wò tirẹ̀, VA náà á tún bẹ̀rẹ̀ látòkèdélẹ̀ lẹ́yìn tí onítọ̀hún bá ti bọ́ aṣọ. Ní báyìí, àyẹ̀wò kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò. Ibi yẹn dáa, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Àmọ́ ìgbà tí ìwé PEB, ìgbìmọ̀ tó ń dájọ́ bóyá sójà lè dúró lẹ́nu iṣẹ́, bá dé ni ojú ọ̀pọ̀ sójà tó ń là, bẹ́ẹ̀ ohun tó wà nínú ìwé yẹn ti tán láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn: lọ́jọ́ tí wọ́n kọ fọ́ọ̀mù, àti lọ́jọ́ tí dókítà wọn ẹ̀yìn wọn.

Bó ṣe ń lọ ní Army nìyí. Tí ìtọ́jú bá ti dé ibi tí dókítà gbà pé kò ní sàn tó mọ́ láti padà sẹ́nu iṣẹ́, profile (ìwé tó sọ ohun tí ara sójà kò gbà) á di ìpele P3 tàbí P4 tí kò ní ọjọ́ ìparí, wọ́n á sì darí ìwé sí MEB, ìgbìmọ̀ àwọn dókítà ológun. Èèyàn méjì ni ẹ ó máa rí: PEBLO, tó ń gbé ìwé kiri fún ilé iṣẹ́ ológun, àti MSC, tó jẹ́ ti VA. Ọ̀dọ̀ MSC ni fọ́ọ̀mù 21-0819 wà. Gbogbo àìlera tí iṣẹ́ ológun fà ni kẹ́ ẹ kọ síbẹ̀, títí kan etí tó ń hó àti orúnkún tí ẹ ti ń mú mọ́ra, nítorí èyí tí ẹ kò bá kọ, ẹnikẹ́ni kò ní yẹ̀ ẹ́ wò. Àyẹ̀wò C&P (èyí tí dókítà fi ń wọn bí àìlera ṣe tó) ló kàn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni dókítà MEB á kọ NARSUM, ìyẹn ìwé tó sọ ìtàn àìlera kọ̀ọ̀kan àti bóyá ó gbà kéèyàn dúró lẹ́nu iṣẹ́. PEB ló ń dájọ́ pé ẹ lè ṣiṣẹ́ àbí ẹ ò lè ṣe é. VA ló ń fún àìlera ní ìdá, ìyẹn iye % tó fi hàn bó ṣe le tó. Ọjọ́ 180 ni àfojúsùn wọn fún gbogbo rẹ̀. Ẹ má fi ọjọ́ yẹn ṣàdéhùn iṣẹ́ tàbí ilé pẹ̀lú ẹnikẹ́ni.

Ìdá méjì ló máa wà nínú ìwé, òun ló sì ń da orí èèyàn rú jù. VA ń ka gbogbo àìlera tí iṣẹ́ ológun fà. Ilé iṣẹ́ ológun ń ka kìkì èyí tí PEB sọ pé ó dí iṣẹ́ yín lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹnì kan lè gba 80% lọ́dọ̀ VA, kó sì jẹ́ 20% péré lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ ológun. Tí tiwọn yẹn bá tó 30%, ìfẹ̀yìntì ni, pẹ̀lú Tricare, ìbánigbófò ìlera ti ológun, fún ẹbí. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, tí ọdún iṣẹ́ kò sì pé 20, severance ni: owó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, owó oṣù méjì fún ọdún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì kí yín pé ó dàbọ̀. VA á tún máa yọ severance yẹn padà lára owó àìlera kan náà, àfi tó bá jẹ́ pé ojú ogun lẹ ti gba àìlera náà.

Ẹ tún wo ìṣirò wọn. Wọn kì í ro ìdá pọ̀ bí a ṣe ń ro owó. Ká ní ẹ̀yìn gba 20%, orúnkún gba 10%. Nínú 100, ẹ yọ 20, ó ku 80. Ìdá 10 nínú 80 jẹ́ 8. Gbogbo rẹ̀ di 28, wọ́n á sì gbé e sókè sí 30. Ìfẹ̀yìntì nìyẹn! Tí NARSUM bá sọ pé orúnkún yẹn kò dí iṣẹ́ lọ́wọ́, tí PEB sì gbà bẹ́ẹ̀, 20% nìkan ló kù, severance sì ni. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ìwé ọ̀gá yín lẹ́nu iṣẹ́ sọ ohun tí ẹ kò lè ṣe gan-an: ẹ kò lè gbé ẹrù ẹ̀yìn, ẹ kò lè dúró ju ìṣẹ́jú báyìí lọ. “Ara rẹ̀ ń dùn ún” kò wúlò fún PEB.

Ọjọ́ C&P gan-an wá ńkọ́? Fún ẹ̀yìn, dókítà gbọ́dọ̀ lo goniometer, irinṣẹ́ tó dà bí rúlà méjì tí wọ́n fi ìṣó kan so pọ̀, láti wọn ibi tí ẹ lè tẹ̀ dé. Tí ẹ bá tẹ̀ síwájú tó kọjá degree 30 ṣùgbọ́n tí kò ju 60 lọ, 20% ni. Tó bá jẹ́ 30 tàbí kó máà tó bẹ́ẹ̀, 40% ni. Degree kan ṣoṣo ló wà láàárín severance àti pẹ́ńṣọ̀n. Ẹ dúró níbi tí ìrora ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì wí i sókè. Sójà ti mọ́ra láti fi eyín gé ìrora, ìwà yẹn ló ń pa wọ́n lára nínú yàrá yìí. Tí dókítà bá fi ojú lásán wọn ọ́n, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, kẹ́ ẹ fi ìwé ránṣẹ́ sí PEBLO. Ní ti orí fífọ́ ẹlẹ́bẹ́lúbẹ̀ (migraine), iye ìgbà tó dá yín wólẹ̀ lóṣù ni wọ́n ń wò: ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, tí ẹ bá ṣírò rẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan, ń mú 30% wá, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù méjì, 10%. Ìwé tí ẹ ń kọ ọjọ́ sí á wúlò ju àlàyé lọ.

Bí NARSUM kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ní ẹ̀tọ́ sí dókítà mìíràn tí kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà, àti láti kọ èsì padà. Ọjọ́ tí wọ́n fún yín kéré, ẹ wo ìwé náà dáadáa. Bí ti PEB bá dé, ọjọ́ mẹ́wàá ni ẹ ní láti gbà tàbí láti béèrè fún ìgbẹ́jọ́ lójúkojú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ lè ní kí VA tún ìdá àìlera tó dí iṣẹ́ lọ́wọ́ wò, ẹ̀rí tuntun tàbí àṣìṣe tó hàn ló sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Lọ́yà ológun tó ń rí sí ọ̀rọ̀ MEB, ọ̀fẹ́ ni. Láti ọjọ́ kìíní ni ká ti lọ bá a, kì í ṣe ìgbà tí omi bá ti dànù tán. Àwọn tó ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn láti bá wọn kọ claim àkọ́kọ́ (ìwé ìbéèrè owó àìlera) sí VA, òfin kò gbà fún wọn. DAV àti American Legion, ẹgbẹ́ àwọn tó ti ṣe ológun rí, ń ṣe é láìgba kọ́bọ̀.

Ibi tí ètò yìí ti kù díẹ̀ káàtó jù ni owó tí ẹ máa fi gbé àárín ìgbà tí ẹ jáde àti ìgbà tí owó VA máa dé. Wọ́n ń di owó oṣù ìkẹyìn mú láti yẹ gbèsè wò. Ní ti VA, ká ní ẹ jáde ní June 15: ẹ̀tọ́ yín bẹ̀rẹ̀ ní June 16, ṣùgbọ́n July 1 ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó, ìbẹ̀rẹ̀ August ni èyí sì máa wọ àkáǹtì. Ẹ ní owó oṣù mẹ́ta nípamọ́ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Àfikún ìjákulẹ̀: ẹni tí kò pé ọdún 20 kì í gba pẹ́ńṣọ̀n ológun àti owó VA pọ̀. Ká ní ìpíndọ́gba owó oṣù yín jẹ́ $4,000, ìdá ilé iṣẹ́ ológun sì jẹ́ 40%: $1,600 ni pẹ́ńṣọ̀n. Tí owó VA bá ju ìyẹn lọ, pẹ́ńṣọ̀n di òdo. Ẹni tó gba àìlera rẹ̀ lójú ogun tàbí níbi ìgbáradì fún ogun lè béèrè CRSC, owó àkànṣe fún àìlera ogun, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù DD 2860, kó fi gba díẹ̀ padà. Ẹ ní láti béèrè rẹ̀ fúnra yín, wọn kì í fún èèyàn láìbéèrè.

Ohun tó ní ọjọ́ ìparí: Tricare, ẹ forúkọ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ 90 lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì. VGLI (ìbánigbófò ẹ̀mí fún ẹni tó ti jáde), ọjọ́ 240 àkọ́kọ́ ni wọn kì í béèrè ìlera yín, èyí sì ṣe pàtàkì nítorí ta ló fẹ́ ta ìbánigbófò fún ẹni tí ìwé ti sọ pé ara rẹ̀ kò dá? SBP (ètò tó ń mú kí ìyàwó tàbí ọkọ máa gba apá kan pẹ́ńṣọ̀n lẹ́yìn ikú yín), ẹ yàn án kẹ́ ẹ tó jáde. Tí ẹ kò bá yan èyí tó pé, ìyàwó tàbí ọkọ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i níwájú notary, ẹni tí òfin gbà kó jẹ́rìí sí ìwé. Ẹ yẹ orúkọ wò nínú DEERS (àkọsílẹ̀ orúkọ sójà àti ẹbí rẹ̀) àti lórí DD 214 (ìwé ìjáde kúrò nínú ológun). Orúkọ Yorùbá tí ìkọsílẹ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìwé ìgbéyàwó máa ń dá ìwé dúró.

TAP, ètò ìmúrasílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ fi ológun sílẹ̀, jẹ́ ọ̀rọ̀ kíláàsì, ẹ lọ, ẹ mú résúmé jáde, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. SkillBridge, ìyẹn kíkọ́ṣẹ́ ní ibi iṣẹ́ alágbádá nígbà tí owó oṣù ológun ṣì ń wọlé, lè gba oṣù mélòó kan, ṣùgbọ́n ẹni tó wà nínú IDES kò mọ ọjọ́ tó máa jáde, bẹ́ẹ̀ ibi iṣẹ́ fẹ́ ọjọ́ gidi. VR&E (ètò VA fún kíkọ́ iṣẹ́ tuntun) ló dára jù fún ẹni tí ara kò gbà kó padà sí irú iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀: a lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí a tó bọ́ aṣọ, ó sì ń san owó ilé ìwé àti irinṣẹ́. Fún iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, 30% lọ́dọ̀ VA lè mú kí wọ́n gbà yín láìsí ìdíje. Ẹ fi SF-15, fọ́ọ̀mù tí ẹni tó ti ṣe ológun rí fi ń béèrè ipò àkọ́kọ́, kún ìwé yín.

Tí wọ́n bá fi yín sí TDRL (ìfẹ̀yìntì onígbà díẹ̀) dípò ìfẹ̀yìntì títí láé, ẹ óò gba ó kéré tán ìdajì owó oṣù yín, wọ́n á sì tún pè yín fún àyẹ̀wò láàárín oṣù 18. Àdírẹ́sì tí ẹ fi sílẹ̀ ni ìwé ìpè yẹn ń lọ. Ẹni tó kó lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn tí kò sọ fún wọn, tí kò sì fara hàn, owó rẹ̀ á dúró.